Ọ̀dà Pupa Lára Ògiri Bàbá Mi

Ẹ wá wo ìwọ̀sí tí wọ́n fi lọ màmá mi láàárọ̀ yìí!

Ọjọ́ ti pẹ́ tí "ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ" ti wà lára ògiri wa l'Ájégúnlẹ̀. Bàbá mi ló fọwọ́ ara wọn kọ ọ́, torí àwọn gbájúẹ̀ tó ń ta ilé onílé. Bàbá mi ti kú, àmọ́ ọdọọdún là ń tún un kùn.

Àfi bí ọkùnrin mẹ́ta ṣe yọ sí wa, wọ́n ní àwọn fẹ́ mú títì tó lọ sí Àpápá fẹ̀ sí i. Wọn ò tiẹ̀ kí èèyàn. Ọ̀kan fi ọ̀dà pupa kọ X gàdàgbà lé ọ̀rọ̀ bàbá mi lórí.

Màmá mi sáré jáde. "Ṣé ẹ ò mọ̀wé kà ni? Ilé yìí kì í ṣe títà!"

Ọ̀gbẹ́ni yẹn bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ta ló sọ pé a fẹ́ rà á? Wíwó la fẹ́ wó o."

Ó ń rẹ́rìn-ín o!

Ó tún ní tí títì náà bá parí, gbogbo ọkọ̀ tó bá gbà á ló máa sanwó. Èmi á wá máa sanwó kí n tó gba inú pálọ̀ bàbá mi kọjá!

Wọ́n ti lọ. Màmá mi ṣì jókòó síwájú ògiri yẹn. Wọ́n ní kí n lọ ra ọ̀dà funfun wá. Mo bi wọ́n pé kí la fẹ́ kọ.

"Ìwọ lo kàwé. Kí lèèyàn ń kọ sára ilé tí wọn ò fẹ́ rà?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá màmá mi lóhùn.