Eruku Orí Sólà

Kí ọmọbìnrin oníkọ̀ǹpútà kan tó dé, èmi ni wọ́n ń bi ní Agbowó bóyá iná á tó lónìí. Sólà ló kún orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa. Iná rẹ̀ ni àwọn oní-fọ́tòkọ́pì àti ìyá oníyìnyín ń lò. Iṣẹ́ mi ni kí n máa nu sólà, kí n wojú ọ̀run láàárọ̀, kí n sì kéde: "Iná á tó o!" tàbí "Ẹ rọra lò ó o!" Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n láràárọ̀, bíi bíṣọ́ọ̀bù ni mo ń rìn.

Àfi bí àwọn tó ni sólà ṣe gbé ọmọbìnrin náà wá láti yunifásítì, tòun ti kọ̀ǹpútà. Kì í wòkè rárá. Á wo kọ̀ǹpútà, á ní, "Iná á pọ̀ títí di aago mẹ́rin, ìkùukùu á wá ṣú." Ìkùukùu á sì ṣú, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán níṣẹ́! Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan mọ́. Mo jowú débi pé iyán ò lọ lọ́fun mi.

Ọyẹ́ dé, eruku bo sólà. Mo wo àkàbà, mo ní orúnkún ń dùn mí. Irọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò nù ún. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ náà ní iná á tó; kò tó. Yìnyín domi.

"Ṣé kọ̀ǹpútà rẹ mutí yó ni?" ìyá oníyìnyín pariwo mọ́ ọn. "Ẹ jẹ́ kí Bàbá máa wojú ọ̀run fún wa jàre!"

Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́, ẹ̀rín mi ò jáde.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gun àkàbà. Ẹ̀rù òkè máa ń bà mí. Gbogbo Sáàmù tí mo mọ̀ ni mo kà tán kí n tó débẹ̀. Bí mo ṣe nù ún tán tí mò ń sọ̀ kalẹ̀, mo rí ọmọ náà tó di àkàbà mú.

"Ẹ rọra, sà."

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti nù ún ni," mo ní.

"Mo mọ̀, sà. Mo gòkè lọ wò ó nírọ̀lẹ́ àná."

"O ò sì sọ fún ìyá oníyìnyín?"

"Wọ́n á bú yín, sà."

Mo lọ jẹ́wọ́ fún ìyá oníyìnyín fúnra mi. Ó bú mi tó. Láti ìgbà náà, ọmọ yìí kì í kéde láìkọ́kọ́ bi mí bí eruku ṣe pọ̀ tó. Síbẹ̀, mo ṣì ń jowú: ó gba ojú ọ̀run lọ́wọ́ mi, ó tún fi sùúrù jù mí lọ.