Ayùn Tí Kì í Gé Igi

Ìró ayùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì nídìí ọjà nígbà náà. Àwọn ẹ̀rọ oníná tí káfíńtà ń lò ló fi gbogbo ayé rẹ̀ tà ní ọjà Marché Central, kí ó tó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Bonamoussadi lẹ́yìn tí ìyá mi kú. Bó bá ti kírun àsárì tán báyìí, á wọ yàrá rẹ̀, á tilẹ̀kùn, ayùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ṣùgbọ́n kì í dún bí ayùn tó ń gé nǹkan. Á dún gbọ̀gbọ̀gbọ̀, nǹkan kan á máa ró ṣakaṣaka nínú ìró náà, á dákẹ́ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin tí ilé wa jọ fara kan ara bi mí láti orí ògiri pé, "Papa dey make which kind chair so?" Mo ní mi ò mọ̀. Òótọ́ ni mo sọ. Bàbá ló ń gbá yàrá rẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń da pàǹtí ibẹ̀ nù, mi ò sì rí èérún igi níbẹ̀ rí. Ayùn wo ló máa ń dún lójoojúmọ́ tí kì í gé igi?

Lọ́jọ́ kan ó gbàgbé láti tilẹ̀kùn. Mo gbé tíì lọ fún un, mo kanlẹ̀kùn, ayùn ò jẹ́ kó gbọ́. Mo tì í, ó ṣí. Háà! Ara mi bù máṣọ. Tíì gbígbóná dà sí mi lẹ́sẹ̀, mi ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Ó ti da ayùn oníná kan dojú sókè, ó fi irin tí káfíńtà fi ń di igi mú dè é mọ́ etí tábìlì. Ó ti yọ eyín rẹ̀ kúrò. Pátákó pẹlẹbẹ kan ló fi rọ́pò eyín náà, ó sì fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ di ìgò ọ̀dà kékeré kan mọ́ pátákó ọ̀hún. Ìgò náà kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó ń lọ sókè sódò, ojú ò lè bá a.

Ẹ̀rọ yẹn kọ́ ló já mi láyà. Ohun tó wà lórí tábìlì ni. Àwọn ènìyàn ni! Ènìyàn wẹ́wẹ́ tí wọn ò ga ju ìka ọwọ́ lọ, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n tò lọ rẹrẹ, aṣọ wà lára wọn, ẹrù wà lórí àwọn mìíràn. Bàbá mi, ẹni tó ń pe ìrun ní mọ́sálásí wa láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ère ló kún tábìlì rẹ̀!

Mo sá jáde, mo dúró sí kíṣìnnì, mo ń sunkún. Ẹ lè fi mí ṣẹ̀sín tí ẹ bá fẹ́. Ohun tí mo ń rò ni pé bàbá mi ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ìyá mi ti lọ, òun náà sì ń di ẹlòmíràn nínú ilé mi. Mo pe àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ní Yassa.

Mo ní, "Ìyá kékeré, ẹ máa bọ̀. Bàbá ń bọ̀rìṣà."

"Ó ń bọ kí ni? Mon Dieu! Má jẹ́ kó jáde, mò ń bọ̀."

Bẹ́ńsíkìn, ọ̀kadà tiwa níbí, ló gùn wá. Tẹ̀sùbáà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó wò mí, ó mí kanlẹ̀. "Wo bí o ṣe ń sunkún. Ojú ìyá rẹ gan-an nìyí! Bí mo bá rí ẹ báyìí, ṣe ló dà bíi pé kò kú." Gbogbo ará ọjà náà ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti sú mi.

A jọ wọlé. Bàbá ò bínú, kò sá. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn pé ẹnì kan wá wo iṣẹ́ òun.

"Ọ̀dà yìí máa ń sùn sísàlẹ̀ ìgò," ó ní. "Tí o ò bá gbọ̀n ọ́n dáadáa, omi lásán ló máa jáde. Ọwọ́ mi ò sì lágbára mọ́. Mo ju ọta bíárìn sínú ìgò kọ̀ọ̀kan, òun ló ń ró yẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dà kọ́ ni mo gun bẹ́ńsíkìn wá wò. Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

"Mú ọ̀kan. Bá mi wá ojú rẹ̀."

Ìyá kékeré mú ọ̀kan lọ síbi fèrèsé, ó yí i síwá sẹ́yìn. Kò sí ojú. Kò sí imú, kò sí ẹnu. Bàbá ti fi sáńpépà ha ojú gbogbo wọn títí ó fi dán.

"Oníbàárà mi kan tó ń yàwòrán ilé, tó máa ń to ènìyàn wẹ́wẹ́ sínú àwòṣe ilé rẹ̀, ló kó wọn fún mi nígbà tó ń kó lọ, tòun tọ̀dà wọn. Mi ò bá Ọlọ́run díje dá ènìyàn. Ohun tí kò lójú, ta ló fẹ́ bọ ọ́? Marché Central ni mò ń ṣe."

Ọkàn ìyá kékeré balẹ̀ wọ̀ọ̀. Kò pẹ́, ó ti ń wá ara rẹ̀ lórí tábìlì. "Èmi rèé! Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìdí mi tóbi tó báyìí ni?" Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, nítorí mo ti rí ìyá mi. Ó dúró nídìí ìsọ̀ rẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ kan tì, ìró aláwọ̀ ewé rẹ̀ ní ìbàdí, ó ta ìrù gèlè sí apá òsì bó ṣe máa ń ṣe kó lè bo etí tó ń dùn ún. Ìyá mi kì í ya fọ́tò. Èyí tó wà lára carte de séjour rẹ̀, ìwé ìgbélùú àjèjì, nìkan la ní, omi òjò sì ti ba ìyẹn jẹ́ nígbà tí ilé wa àtijọ́ kún. Mo ti ń fojú ọlọ́rìṣà wo bàbá mi, ìyàwó rẹ̀ ló ń kùn!

Bàbá tú ìgò aláwọ̀ ewé kúrò lára ayùn, ó gbé e kalẹ̀. Ó wò ó díẹ̀. Ó tún mú un, ó tún fi rọ́bà dì í, ó sì tẹ ẹ̀rọ. Mo rò pé kò tíì pò tó ni.

Nígbà tí ìyá kékeré lọ ṣe àlùwàlá, mo tún gbé ìyá mi sọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ti Màmá nìkan. Ẹ fi ojú sí i. Ọlọ́run ò ní bínú sí yín nítorí ẹyọ kan."

Ó pa ayùn. Ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá àbúrò rẹ̀ ń bọ̀.

"Ìyẹn tí mo sọ fún ìyá kékeré rẹ, òótọ́ ni. Mi ò lè fi ojú sí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tó ṣe mí bíi pé kí n ṣẹ̀, mo mú bọ́rọ́ọ̀ṣì." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mi ò rántí rẹ̀ mọ́, ọmọ mi. Aṣọ rẹ̀ ni mo ń rí. Gèlè rẹ̀ ni mo ń rí. Mi ò mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí mọ́."

Ojú mi ló ń wò tààrà bó ṣe ń sọ ọ́.