Ọ̀rọ̀ Ara Páálí Ìṣáná

Bí mo bá ṣáná lónìí, tí òórùn rẹ̀ ta sí mi nímú, ojú a tì mí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ló wà lára páálí rẹ̀: sítíráìkì. Tíṣà wa ní Ajégúnlẹ̀ sọ pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí èèyàn lu nǹkan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ọkùnrin méjì tí ọ̀gá bàbá mi rán gbé kóńdó wá sílé wa. Bàbá mi, tó ń ru ẹrù ní èbúté Àpápá, sá pamọ́ sí balùwẹ̀.

"Ọmọ, bàbá ẹ dà?"

"Wọn ò sí nílé. Wọ́n lọ ṣe sítíráìkì." Ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo wá fi kún un pé, "Wọ́n fẹ́ lu ọ̀gá wọn."

"O gbọ́? Ọmọ rẹ̀ ló jẹ́wọ́ yẹn," ọ̀kan sọ fún èkejì.

Bàbá mi jáde. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ni. Iṣẹ́ la dá sílẹ̀, a ò lu ẹnikẹ́ni."

Kóńdó ba ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi, egungun sì dún bí igi gbígbẹ. Wọn ò dẹwọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi bo ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo ti wá mọ̀ pé wọn ì bá lu bàbá mi náà, kódà ká ní mo dákẹ́.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń bá bàbá mi ṣáná sí sìgá, nítorí ọwọ́ kan kò ṣeé fi ṣáná.