Fúláwà Kì í Ṣe Wítì

Bí ẹ bá gbé oúnjẹ síwájú Lateefat, imú ló kọ́kọ́ máa ń fi jẹ ẹ́. Á tẹrí sórí abọ́, á fi ìka fọ́ ọ wò, á wá yínmú. Gbogbo ẹ̀síteètì tí wọ́n ń gbé lẹ́yìn Agric, ní Ìkòròdú, ló mọ̀ ọ́n mọ́ ìwà yìí. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Àwọn mìíràn ní ó rò pé gbogbo ayé ló fẹ́ fún òun ní májèlé jẹ.

Ẹnu wọn ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Torí Mutmainah ọmọ rẹ̀ ló ṣe ń yínmú. Ọmọ ọdún márùn-ún tí ẹ máa rò pé ọdún mẹ́ta ni, ikùn rọ̀gọ̀dọ̀, ẹsẹ̀ tín-ín-rín, ìgbẹ́ gbuuru láàárọ̀, ìgbẹ́ gbuuru lálẹ́. Lẹ́yìn àyẹ̀wò lórí àyẹ̀wò ni dókítà tó sọ pé wítì ló ń ba ìfun ọmọ náà jẹ́, kò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu mọ́ láéláé. Inú Lateefat dùn. Lágbègbè tiwa yìí, tí wọ́n bá ti pe wítì, ìyẹ̀fun tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí àwọn onítọ̀ ṣúgà ń rò jẹ bí ẹ̀bà ni kálukú mọ̀. Ta ló tiẹ̀ ń fún ọmọdé ní ìyẹn jẹ? Bí wọ́n ṣe jáde ní ọsibítù, ó ra burẹ́dì, ó fi rẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́kún.

Nígbà tí wọ́n padà lọ tí ikùn ò tíì lọ sílẹ̀, tí dókítà gbọ́ ohun tí ọmọ ń jẹ, ó gbé bírò sílẹ̀. "Màdáámú, kí lẹ rò pé wọ́n fi ń ṣe burẹ́dì? Fúláwà náà ni wítì. Àlìkámà kan náà ni, wọ́n kàn bó èèpo rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ ni."

Àtọjọ́ náà ni oúnjẹ ìta ti ń kó Lateefat nírìíra. Ó lọ ra àkàrà ní Lasunwon, ló bá rí i tí ìyá alákàrà ń bu fúláwà sínú ẹ̀wà lílọ̀ kó lè wú. Ó sá lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́ja díndín, fúláwà ni ìyẹn náà fi ń yí ẹja kó má baà fọ́ nínú epo. Ó wo ẹ̀yìn páálí magí tó ti ń lò láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, wítì wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ wínníwínní bí ẹni tó ń sá fún ọlọ́pàá. Èyí tó wá pa á láyò ni ọbẹ̀ olóúnjẹ kan tó ki gbàgìdì, tí obìnrin náà sì ń fọ́nnu pé fúláwà ló jẹ́ kí ata òun ki bẹ́ẹ̀. Ẹ gbà mí o! Èèyàn sanwó ata, ẹ wá ń bu ohun tí wọ́n fi ń lẹ pósítà mọ́ ògiri fún un! Èébì gbé Lateefat dé ilé lọ́jọ́ yẹn.

Ló bá kúkú di ìdáná fún ara ẹni. Iṣu, ìrẹsì, ẹ̀wà tó fọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀. Kí ẹ sì wá rí Mutmainah! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ, ikùn fà, ó ń sáré kiri.

Ìṣòro wá ku ẹyọ kan, ìyẹn ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, Àlàájà Sèlíátù. Nígbà tí wọ́n lọ kí i ní họ́lídé, tó rí i pé ìyàwó gbé kúlà oúnjẹ láti Ìkòròdú wọ ilé òun, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Ìyàwó, ṣé àjẹ́ ni mí?"

"Ó tì o, Mọ́mì! Wítì yẹn ni mò ń sá fún."

"Mo ti gbọ́ ti wítì yín. Wítì ò wọ ilé yìí rí. Ìkọ́kọrẹ́ ni mo sè fún ọmọ ọmọ mi. Ewùrà, epo, ata, ẹja ọ̀sà. Ó parí."

Lùkúmàn, ọkọ rẹ̀, ń fojú bẹ̀ ẹ́. Lateefat fimú fà á, kò gbóòórùn nǹkan kan. Ewùrà tí wọ́n rin, kí ni wọ́n fẹ́ bù sí i? Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló sì máa kọ ìkọ́kọrẹ́ ìyá ọkọ? Ó gbà. Mutmainah jẹ ẹ́, ó lá ìka.

Kí wọ́n tó kírun Ásárì tán, ọmọ ti ń bì. Ó bì sórí ẹní, ó bì sára ìyá rẹ̀, ìgbẹ́ gba abẹ́ ya pẹ̀lú. Lùkúmàn ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún un, Lateefat sì já wọ ilé ìdáná bí ìjì.

"Mọ́mì, kí lẹ fi sí i?"

"Kò sí nǹkan kan! Ewùrà yẹn lómi jù, kò fẹ́ dì, ni mo bá bu fúláwà díẹ̀ sí i." Àlàájà na ọ̀rá náà sí i. "Wò ó. Fúláwà ni, kì í ṣe wítì!"

Ìríra gba gbogbo ara Lateefat. Ìkòkò náà rí i lára, ọ̀rá náà rí i lára, ọwọ́ ìyá arúgbó tó dì í mú gan-an ń rí i lára. Ó la ẹnu láti bú gbẹ̀ẹ̀, àmọ́ ó rántí pé òun náà ti ra burẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù.

"Mọ́mì, fúláwà ni wítì."

"Èyí tó funfun yìí? Tí wọ́n fi ń ṣe burẹ́dì?"

"Òun náà ni."

"Òun ló ń wú ọmọ níkùn, tí ẹsẹ̀ á wá tín-ín-rín?"

"Fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Dókítà ní inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, ó máa ń bá ìdílé rìn."

Àlàájà jókòó sórí àpótí ìdáná. Lateefat rò pé ó ń bínú ni.

"Kàmọ́rù rí bẹ́ẹ̀," ló wí. Kàmọ́rù ni àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n Lùkúmàn, tó kú ní kékeré. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn náà nínú ẹbí: orogún Àlàájà tó ń jẹ́ Mùsílímátù ni wọ́n ní ó jẹ ọmọ náà, wọ́n sì lé e padà sí Ìjẹ̀dé.

"Burẹ́dì nìkan ló ń wọlé fún un," Àlàájà ní. "Bó ṣe ń rù ni mò ń rọ́ ọ sí i lẹ́nu. Ọwọ́ mi yìí ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó ẹrù Mùsílímátù síta, ó kúnlẹ̀, ó ń búra pé òun ò fún ọmọ mi ní nǹkan kan jẹ rí."

Ó ju ọ̀rá fúláwà náà sílẹ̀, ó ń nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ìró rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

"Mo tutọ́ sí i lójú."