Omi Tí Mo Gbé Wá fún Yèyé

Mi ò tíì pé ogún ọdún nígbà tí mo lọ gbé lọ́dọ̀ Yèyé ní Iléṣà. Yèyé ni ìyá tó bí ìyá mi. Ojú wọn ti fọ́, ẹsẹ̀ wọn sì máa ń wú, ìyá mi kò sì lè fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní Òṣogbo. Èmi ni wọ́n rí rán. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo fi ọdún kan lé e, lẹ́yìn náà mo lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ó ku oṣù mẹ́fà kí n gba òmìnira nígbà tí ìyá mi ní kí n di ẹrù mi. Ọ̀gá mi ṣèlérí pé àwọn yóò fi àyè mi sílẹ̀ dè mí. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ pé ẹlòmíràn ti jókòó sídìí ẹ̀rọ mi.

Èmi kì í lè sọ̀rọ̀ níbi tí ènìyàn bá ti ju méjì lọ. Inú ni mo máa ń sọ tèmi sí. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ Yèyé, mo sọ ọ́ nínú mi pé: Olúwa, mú ìyá yìí lọ, kí n lè padà sí Òṣogbo. Mo fi orúkọ Jésù parí rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa pé kí a máa parí àdúrà.

Yèyé kì í mu omi mìíràn àfi omi òkè àdúrà. Ìsun kan wà lórí òkè ìjọ wọn, lẹ́bàá ọ̀nà Òṣú, ibẹ̀ ni mo máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Àṣà wọn ni pé ẹni tí ó fẹ́ pọn omi náà kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀ṣẹ̀ gòkè. Ìyá ìjọ á jókòó sórí bẹ́ǹṣì nísàlẹ̀, wàá kúnlẹ̀, wàá sọ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀sẹ̀ rẹ sí wọn létí, wọn á gbàdúrà fún ọ, wọn á ní kí o kọjá. Ẹran tí mo bù jẹ nínú ọbẹ̀ ni mo sábà máa ń sọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé àdúrà mi yẹn, ó kàn mí, mo kúnlẹ̀, ẹnu mi kò ṣí.

Ìyá ìjọ ní, "Ọmọ Òṣogbo, kí lo jí jẹ lọ́sẹ̀ yìí? Àbí o gbé odidi ìkòkò mì ni?"

Àwọn tó tò sẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín. Bí mo bá sọ ẹran, irọ́ ni. Bí mo bá sọ òótọ́, etí tó sún mọ́ ibẹ̀ pọ̀ jù. Mo ní mo gbàgbé nǹkan sílé, mo gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo mi, mo yí padà.

Mi ò lè gbé òfìfo wọlé. Omi ẹ̀rọ ní òórùn tirẹ̀, Yèyé yóò mọ̀. Ilé kan wà lọ́nà tí wọn ò parí, igbó ti bò ó, kànga kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi páànù tó ti dípẹtà dé. Ọ̀sán gangan ni, ọyẹ́ bo oòrùn, gbogbo ibẹ̀ funfun bí eérú. Mo ṣí páànù náà, mo ju korobá olókùn tí mo bá níbẹ̀ sínú kànga. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ìró omi. Nígbà tí mo fẹ́ fà á, okùn náà le gan-in, bí ìgbà tí ẹnìkan dì í mú nísàlẹ̀, ó sì tún dẹ̀ lójijì. Mo rọ omi sínú kẹ́ẹ̀gì, mo ń gbọ́ èémí lẹ́yìn ọrùn mi. Mo bojú wẹ̀yìn. Koríko nìkan ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo wọlé, Yèyé gbé orí sókè.

"Ta lo mú wá?"

"Èmi nìkan ni, mà."

"Ẹsẹ̀ ẹni méjì ni mo gbọ́." Wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ wọlé, ẹ má dúró síta. Ọmọ yìí kò mọ àlejò ṣe. Gbé àga fún wọn!"

Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń sọ o, "ulé" ni wọ́n ń pe ilé. Bí èmi ṣe lè kọ ọ́ ni mo kọ ọ́ yìí. Mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó jókòó síbẹ̀ lójú tèmi.

Lọ́jọ́ Ẹtì kejì, kànga náà ni mo tún lọ. Yèyé tún kí ẹni tó tẹ̀lé mi.

"Àlejò rẹ kì í sọ̀rọ̀," ni wọ́n wí. "Aṣọ rẹ̀ ń kán sílẹ̀. Kí ló dé tí o ò jẹ́ kó gbẹ?"

Mo wo ilẹ̀. Sìmẹ́ńtì ìdí àga tutù rinrin. Ó lè jẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì ló jò. Títí dòní ni mo ń sọ fún ara mi pé kẹ́ẹ̀gì ló jò.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru. Wọ́n yà á lóru, wọ́n yà á láàárọ̀. Mo sáré pe nọ́ọ̀sì tó ni kẹ́míìsì àdúgbò wa. Ó fa awọ ọwọ́ Yèyé, awọ náà dúró bẹ́ẹ̀, kò padà.

"Omi ti tán lára wọn," nọ́ọ̀sì ní. Ó po iyọ̀ àti ṣúgà sínú omi sísè. "Wọ́n gbọ́dọ̀ mu èyí báyìí. Ẹ jẹ́ kí n lọ wá mọ́tò. Irú omi wo lẹ tilẹ̀ ń mu nínú ilé yìí?"

Ó jáde. Mo gbé ife náà sí Yèyé lẹ́nu, wọ́n pa ètè mọ́.

"Omi òkè ni kí o fún mi."

"Yèyé, ẹ jọ̀ọ́."

"Omi òkè, mo ní! Ṣé òun kọ́ ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn?"

Ìgbà yẹn ló yé mi. Àdúrà mi ti ń gbà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń bù ú fún wọn mu, ní ife ní ife. Bí mo bá dákẹ́, n óò padà sí Òṣogbo.

"Kì í ṣe omi òkè," mo wí. "Kànga inú igbó ni. Mi ò lè gba iwájú ìyá ìjọ kọjá, torí mo ti gbàdúrà pé kí ẹ kú."

Yèyé yíjú sí mi. Nǹkan kan dún níbi àga, bí igi ṣe máa ń dún nígbà tí ènìyàn bá dìde lórí rẹ̀.

"Ìgbà wo lo gbà á?"

"Ìgbà tí mò ń fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ yín."

Èjìká wọn ń mì. Mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni.

"Àdúrà tí èmi ti ń gbà láti ọdún mẹ́rin! Kò dá èmi lóhùn, ìwọ ọmọ àná ni yóò wá yára dá lóhùn?" Ẹ̀rín náà tán. "Kúnlẹ̀. Sọ ọ́ fún Olúwa fúnra rẹ̀. Fi ẹnu sọ ọ́, kí n gbọ́."

Mo sọ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ohùn ara mi nínú àdúrà nìyẹn.

Wọ́n wá orí mi, wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan imú mi kí wọ́n tó rí i. "Mo dárí jì ọ́. Òun náà dárí jì ọ́, nítorí Ọmọ rẹ̀ tó kú. Ó tán." Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí àga. "Ìwọ náà ti gbọ́. Kò sí nǹkan rẹ kankan níbí mọ́."

Ó bà mí lẹ́rù ju kànga lọ, pé ó tán bẹ́ẹ̀. Mo ti ń retí ìgbátí tàbí èpè. Mo gbé ife sí wọn lẹ́nu, wọ́n sì mu ún tán, wọ́n yínmú.

"Fún mi sí i. Kí o wá sùn tì mí, òtútù ń mú mi."

Mo sùn tì wọ́n, à ń retí mọ́tò. Èémí wọn á lọ, á dúró, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan.

"Yèyé?"

"Mo wà ńbí."

Ó tún dúró. Ó pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Yèyé?"

"Ọmọ yìí, jẹ́ kí n sinmi," ni wọ́n wí, wọ́n sì fa ọwọ́ mi mọ́ àyà wọn. "Bí mo bá ń lọ, n óò sọ fún ọ."