Búrẹ́dì Àgbọn Tí Mi Ò Tíì Jẹ Tán

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé wọ́n lè fi búrẹ́dì tàn mí jẹ, ìyá mi mú mi wá sí Adó-Èkìtì láti Ọ̀fà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí àsìkò yẹn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń ya wọ ìlú láti Àkúrẹ́ pẹ̀lú táì lọ́rùn, eruku ọ̀nà sì ń sọ gbogbo táì di pupa. Bàbá mi ti kú. Ìyá mi ń lọ ṣòwò ní Kàdúná, ó sì fẹ́ fi mí sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, Àǹtí Ṣadé, tó ń ta ike ní Ọjà Ọba. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Àwọn àgbà ìgbà yẹn kì í ṣàlàyé fún ọmọdé. Bí wọ́n ṣe ń gbé ewúrẹ́ sọ́kọ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé wa.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ àǹtí, ìyá mi yà sí ilé kọfí kan lẹ́yìn ọjà. Ọmọ Ìjan-Èkìtì ni bàbá tó ni ín, ó ti pẹ́ ní Àbíjàn kó tó padà wálé. Bàbá Kọfí ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Tábìlì rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń mì, ààrò alámọ̀ sì wà lẹ́yìnkùlé. Kọfí rẹ̀ dúdú bí aró, ó korò bí ọ̀rọ̀ orogún. Àwọn onítáì á mu ún, wọn á fajú ro, wọn á ní ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n torí búrẹ́dì rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá. Ó ń ṣe èyí tó gùn tó sì le bí kóńdó ọlọ́pàá, ó tún ń ṣe búrẹ́dì àgbọn, róbótó bí ìkúùkù, ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n, inú rẹ̀ funfun, òórùn rẹ̀ á ti kí ọ kí o tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyá mi ra ti àgbọn kan fún mi, ó gbé mi jókòó, ó ní òun fẹ́ lọ wo ọkọ̀. “Máa jẹ ẹ́, Àbẹ̀kẹ́. Kí o tó jẹ ẹ́ tán, mo ti dé.”

Mo jẹ ẹ́ títí ó fi ku bíńtín, mi ò rí i. Ni mo bá dáwọ́ dúró. Mo rò ó pé bí mi ò bá tíì jẹ ẹ́ tán, ìyá mi ò tíì purọ́. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Àwọn lọ́yà ń gbowó lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó ìyẹn. Nígbà tí Àǹtí Ṣadé wá mú mi nírọ̀lẹ́, bí òun àti ìyá mi ti jọ ṣàdéhùn, èyí tó kù ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Àǹtí ò burú. Ẹnu rẹ̀ ló burú, èmi ni mo sì jogún rẹ̀ pẹ̀lú ìsọ̀ ike. Mò ń pọn omi kànga, mò ń to báàfù léra wọn, mò ń jẹ iyán lálaalẹ́, nítorí ní Èkìtì, bí o bá kọ iyán, wọ́n á ní kí o lọ gba oògùn ibà. Ṣùgbọ́n mi ò lẹ́nìkejì. Bí mo bá ní “ilé,” àwọn ọmọ àdúgbò á ní “ulé” ni. Bí mo bá ní “ulé,” wọ́n á ní ta ló kọ́ mi. Òpó ilé ni mo ń bá ṣeré tẹ́ń-tẹ́ń. Mo sì máa ń nà án dáadáa.

Inú agolo mílíìkì lábẹ́ ibùsùn ni mo tọ́jú búrẹ́dì mi sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àǹtí gbálẹ̀ kàn án, ó dà á fún adìyẹ. Bí mo ṣe ń ti ìdí kànga bọ̀, àkùkọ ń gbé èérún ìkẹyìn mì. Mo ju garawa nù, mo lé e yí ilé ká. Àǹtí fa pàṣán yọ. “Torí búrẹ́dì tó ti bu?” Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ pé ìyá mi ti di òpùrọ́ nínú ikùn àkùkọ?

Mo sáré lọ sí ilé kọfí. Bàbá ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, aṣọ funfun rẹ̀ kì í jẹ́ kí a mọ ibi tí ìyẹ̀fun ti bẹ̀rẹ̀. Mo sunkún sọ gbogbo rẹ̀. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìkòkò kékeré kan wá, ó ṣí i. Ìyẹ̀fun tó ti pò ló wà nínú rẹ̀, ó wú, ó ń ta sánsán kíkan bí omi ògì.

“Ti àná nìyí,” ó ní. “Díẹ̀ nínú ti àná ni mo máa ń pò mọ́ ti òní, òun ló ń mú un wú. Bí mo ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Èyí tí ìyá rẹ rà wà nínú gbogbo èyí tí mò ń ṣe látọjọ́ yẹn. Àkùkọ kan ò lè jẹ ẹ́ tán. Ìwọ náà ò sì tíì jẹ ẹ́ tán.”

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, mo máa ń lọ bá a gbálẹ̀, màá jẹ ọ̀kan, màá ṣẹ́ bíńtín kù. Á jókòó kojú mi, á máa mu kọfí. Àwọn ọmọ tirẹ̀ wà ní Àbíjàn, wọn kì í kọ̀wé. Ọ̀nà la jọ ń wò. Ará Ọ̀fà kan sọ pé òun rí ìyá mi ní Kàdúná. Òmíràn sọ pé Kánò ni. Lẹ́yìn náà, ẹnu gbogbo wọn pa mọ́. Nígbà tí mo ti di ọmọge, ọwọ́ bàbá ò gba iṣẹ́ mọ́, àwọn ẹbí rẹ̀ wá mú un lọ sí Ìjan. Ìkòkò náà bá a lọ. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ṣì ń po ti àná mọ́ ti òní níbẹ̀. Mi ò sì béèrè. Ohun tí o kò bá béèrè, ta ni yóò sọ fún ọ pé ó ti tán?

Adó ti wá di ńlá. Ilé kọfí pọ̀, onígíláàsì, ẹ̀rọ á máa fẹ́ atẹ́gùn tútù sí ọ lára, owó ife kọfí kan tó ra garawa olómorí lọ́wọ́ mi. Inú ọ̀rá ni ohun tó ń mú búrẹ́dì wọn wú ti ń wá, ti òní kò mọ ti àná rí. Àwọn ìyá ìsinsìnyí náà kì í sápamọ́ fi ọmọ sílẹ̀ mọ́. Wọ́n á pè é lórí fóònù láti Kàdúná, wọ́n á sì máa purọ́ fún un lójúkojú. Mo ṣì ń lọ, lọ́jọ́ Àìkú, èmi nìkan. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin tó ń kó abọ́ dúró tì mí, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ó ń wo bíńtín tó kù nínú àwo mi.

“Mọ̀mí, ṣé kí n gbé e? Ẹ ti jẹun tán, àbí?”

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Mo ní, “Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Mi ò tíì jẹ ẹ́ tán.”