Ọ̀nà Ọ̀rọ̀ Ló Já

Bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tètè pe kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ní òkú. Rẹwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ni wọ́n ní Ìgbògbò, nígbà tí tòkunbọ̀ oníkọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ nílùú. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, tí ẹni tó ni ín sì fẹ́ sáré ra kọ̀ǹpútà mìíràn, wọn á ní, "Ẹ farabalẹ̀. Kò kú. Kò kàn gbóhùn àwọn kọ̀ǹpútà yòókù nínú ọkọ̀ mọ́ ni." Wọn á máa yọ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan kúrò lórí wáyà, wọn á sì máa dá a padà, títí tí àṣìṣe á fi hàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, wáyà tó dípẹtà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni. Wọn á rẹ́rìn-ín: "Ọ̀nà ọ̀rọ̀ ló já."

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ gba ohùn lẹ́nu wọn, a gbé wọn lọ sílé ẹ̀gbọ́n wọn l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Àwọn ẹbí ní Bàbá ò mọ èèyàn mọ́. Ìyá mi ti ń sunkún.

Mo di ọwọ́ ọ̀tún wọn mú. "Bàbá, tí ẹ bá ń gbọ́ mi, ẹ tẹ ọwọ́ mi." Kò mì. Mo di tòsì mú, mo tún béèrè. Ìka wọn rọra tẹ̀ mí lọ́wọ́.

Mo yíjú sí ìyá mi. "Màámi, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ń gbọ́."